Ṣé a lè kọ́lé erùpẹ̀ gígún sí Minnesota pẹ̀lú òtútù ibẹ̀ yẹn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ti ra ilẹ̀ sí ìtòsí Northfield, ní gúúsù Minneapolis, a sì fẹ́ kọ́ ilé erùpẹ̀ gígún síbẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń da erùpẹ̀ sáàárín pákó tí wọ́n á wá gún un títí á fi le bí òkúta. Ilé bàbá bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, amọ̀ ni, ọ̀sán gangan inú ẹ̀ máa ń tutù, tó bá dòru á wá lọ́ wọ́ọ́wọ́. Èrò mi ni pé tí ògiri bá ṣáà ti nípọn dáadáa, a ò ní nílò hítà púpọ̀. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe, báwo la ṣe máa ṣètò ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdáwọ́lé o, ẹ̀yin méjèèjì. Ó ṣeé ṣe dáadáa, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ya pílánù, torí tí pílánù bá ti jáde tán, àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí máa ń ṣòro láti fi há àárín ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọ̀rọ̀ Ìsẹ́yìn yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ kò ní ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Northfield.

Ilé tàwọn bàbá wa, wọn ò gún un. Amọ̀ ni wọ́n máa ń fẹsẹ̀ pò, wọ́n á mọ ìpele kan yí ilé po, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ ìkejì lé e. Erùpẹ̀ gígún ò fẹ́ omi tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ní ti ooru, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù: ògiri tó wúwo máa ń gba ooru díẹ̀díẹ̀, á sì tún máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán Ìsẹ́yìn á lu ògiri, ooru yẹn á máa rìn gba inú ẹ̀ kọjá, ó lè tó wákàtí 8 sí 12 kó tó yọ sódì kejì, nígbà yẹn ilẹ̀ ti ṣú, atẹ́gùn ti tutù, ooru tó ń yọ wá di ohun téèyàn ń fẹ́. Tó bá fi máa dàárọ̀, ògiri ti fi ooru ẹ̀ sílẹ̀ fún òru, ó tún ti ṣe tán láti gba tuntun. Ohun tó mú kí eléyìí ṣiṣẹ́ ni pé ìta máa ń gbóná ju bá a ṣe fẹ́ lọ lọ́sàn-án, á sì rẹlẹ̀ lóru, lójoojúmọ́.

January ní Minneapolis ńkọ́? Tá a bá pa ọ̀sán àti òru pọ̀, ìwọ̀n ẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 9°C sísàlẹ̀ òdo, nígbà míì odindi ọ̀sẹ̀ kan á kọjá tí kò ní gòkè òdo lẹ́ẹ̀kan. Ìta ò ní gbóná ju inú lọ títí ẹ̀ẹ̀rùn wọn á fi dé. Torí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ni ooru ń rìn, láti inú ilé yín bọ́ síta, tọ̀sántòru. Nínípọn ògiri á kàn dá a dúró fún wákàtí díẹ̀ ni, kò ní dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ògiri ìta ilé yín jẹ́ 90 mítà onígun mẹ́rin lẹ́yìn tá a ti yọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn kúrò, ó nípọn 45 sẹ̀ǹtímítà, erùpẹ̀ nìkan ni, inú ilé wà ní 21°C, ìta wà ní 9 sísàlẹ̀ òdo. Ooru tó ń gba ara ògiri yẹn jáde á tó nǹkan bíi wáàtì 4,300 láìdáwọ́ dúró. Ìyẹn jẹ́ hítà oníná mẹ́ta, àwọn oníwáàtì 1,500 yẹn, tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa láti December wọ March, ògiri nìkan sì la ṣì ń sọ o, a ò tíì dórí òrùlé àti fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá fi rockwool, ìyẹn ohun tó dà bí òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe, tó nípọn 15 sẹ̀ǹtímítà kún ògiri kan náà, wáàtì yẹn ò ní tó 600 mọ́. Tẹ́ ẹ bá sì ní erùpẹ̀ nìkan lẹ fẹ́ fi dé ibi wáàtì 600 yẹn, ògiri yín á nípọn ju mítà 4 lọ. R ni àwọn kọ́lékọ́lé Amẹ́ríkà fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dá ooru dúró tó, bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó; 45 sẹ̀ǹtímítà erùpẹ̀ ò pé R-4, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí R-20 ni òfin ilé kíkọ́ ń retí lára ògiri onípákó lásán ní agbègbè yín.

Ìkòkò amọ̀ tí ọbẹ̀ gbóná wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e síta nínú yìnyín, bó ti wù kó nípọn tó, á tutù. Ẹ gbé ìkòkò yẹn kan náà sínú kúlà oúnjẹ, ẹ máa rí i pé nínípọn ẹ̀ wá di èrè, torí ooru tó ti mu sára ò rí ibi sá lọ. Bó ṣe yẹ kí ilé yín rí nìyẹn, erùpẹ̀ ni ìkòkò, ínsúléṣọ̀n, ìyẹn ohun tó ń dí ooru lọ́nà bíi rockwool yẹn, ni kúlà. Ìpinnu àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, kẹ́ ẹ tó mọ iye yàrá pàápàá, ni ibi tí ínsúléṣọ̀n máa wà: ṣé ní ẹ̀yìn ògiri níta, ṣé láàárín ògiri, àbí nínú ilé.

Ti inú ilé yẹn, mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ ní Minnesota. Tẹ́ ẹ bá bo ògiri látinú, ẹ ti gé e kúrò lára ooru ilé, gbogbo wíwúwo ẹ̀ ti di òfo, òun fúnra ẹ̀ á máa dì nínú òtútù, ọ̀rinrin inú ilé á sì máa wá ibi tó máa dà sí omi lẹ́yìn ínsúléṣọ̀n níbi tójú ò tó. Lóòótọ́ o, Martin Rauch, tó jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ní Austria, fi ẹní esùsú bo inú ilé tara ẹ̀ tó kọ́ sí Schlins láàárín 2005 sí 2008, ó wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó sì fi páìpù omi gbígbóná sínú amọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìpele yẹn ló ń mí, ìyẹn ni pé ọ̀rinrin lè gbà á kọjá, ẹni tó mọ amọ̀ bí ẹni mọ ọmọ ẹ̀ ló ṣe é, òtútù Schlins ò sì tó ti ọ̀dọ̀ yín.

Àárín ògiri ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́, torí á jẹ́ kí erùpẹ̀ hàn níta, kó sì hàn nínú. Wọ́n á gún ògiri méjì tó kọjú síra, ínsúléṣọ̀n á wà láàárín wọn, wọ́n á fi ọ̀pá tín-ín-rín so méjèèjì pọ̀. Ní Osoyoos, ní British Columbia, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Osoyoos ní gbọ̀ngàn àṣà kan tó ń jẹ́ Nk'Mip, ọdún 2006 ni wọ́n ṣí i, ògiri erùpẹ̀ ẹ̀ gùn tó mítà 80, ó nípọn 60 sẹ̀ǹtímítà, ínsúléṣọ̀n sì wà nínú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Alnatura náà ṣe irú ẹ̀ sí Darmstadt ní Jámánì lọ́dún 2019, òkúta fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi gíláàsì àlòkù ṣe ni wọ́n dà sáàárín, wọ́n tún tẹ́ páìpù sínú ìpele tó kọjú sínú ilé kí ògiri fúnra ẹ̀ lè máa ṣe hítà. Ó rẹwà, tí mo bá ń wo fọ́tò ẹ̀ ọkàn mi máa ń fà sí i.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn tó ń ta ògiri onípele méjì yìí kì í tètè sọ. Tí ínsúléṣọ̀n bá ti wà láàárín, ìpele erùpẹ̀ tó wà níta ò ní ooru ilé kankan tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́. Òtútù lòun ń gbé nínú ẹ̀. Nígbà tó jẹ́ ògiri lásán, ooru tó ń sá jáde yẹn ló ń bá a gbẹ, ní báyìí kò sí. Tí òjò October bá rin ín tí December sì bá a níbẹ̀ kò tíì gbẹ, omi inú ẹ̀ á dì, omi tó bá sì dì máa ń fẹ̀ tó ìdá 9 nínú 100. Á fẹ̀, á yọ́, á tún fẹ̀, ojú ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ìdí nìyẹn tí ìpele ìta fi gbọ́dọ̀ ní sìmẹ́ǹtì nínú ní ọ̀dọ̀ yín, nǹkan bí ìdá 8 sí 10 nínú 100, kí òrùlé sì yọ síta dáadáa lórí ẹ̀. Ọ̀pá tó so ìpele méjèèjì pọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin lásán ṣe é, torí irin á máa kó ooru jáde, ó sì lè dípẹtà. Irin tí kì í dípẹtà tàbí ọ̀pá faíbà ni kẹ́ ẹ béèrè. Bákan náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fọ́ọ̀mù polyiso ṣe ínsúléṣọ̀n yẹn, ẹ ṣe é nípọn ju ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ lọ, agbára ẹ̀ máa ń dín kù tí òtútù bá mú gan-an.

Ẹ̀yìn ògiri níta ni èmi fẹ́ràn jù fún Minnesota. Ògiri erùpẹ̀ kan ṣoṣo, 30 sí 40 sẹ̀ǹtímítà, rockwool tàbí pátákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi ṣe wà lẹ́yìn ẹ̀, pákó tàbí rírẹ́ tó ń mí wá wà níta pátápátá. Gbogbo erùpẹ̀ yín á máa gbé nínú ooru, kò ní dì láé, ẹ lè má fi sìmẹ́ǹtì sí i rárá, òṣìṣẹ́ á gún ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni pé ẹni tó bá wà lójú títì ò ní mọ̀ pé erùpẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn èèyàn. Ẹ jókòó sọ ọ́ láàárín ara yín, ṣé torí àwọn tó ń kọjá lẹ ṣe ń kọ́ ọ ni, àbí torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbé inú ẹ̀.

Ọ̀nà míì tún wà, òun ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò tó bá jẹ́ owó yín ò pọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ kọ́ ògiri ìta ní pákó tí ínsúléṣọ̀n kún inú ẹ̀ bámúbámú, bí gbogbo èèyàn ibẹ̀ ṣe ń ṣe, kẹ́ ẹ wá gún erùpẹ̀ sí ògiri ńlá kan tàbí méjì láàárín ilé, níwájú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Ní ọ̀dọ̀ yín, oòrùn ọ̀sán ìparí December ò ga ju nǹkan bí dígírì 22 lọ, á wọlé gbọọrọ gba fèrèsé gúúsù títí á fi kan ògiri yẹn. Ní June, á ti gòkè tó nǹkan bí 69, etí òrùlé tó yọ síta díẹ̀ á dí i lójú. Ògiri yẹn á máa mu oòrùn lọ́sàn-án, á máa dá a padà fún yín lálẹ́, ìyẹn ló sì jọ ti Ìsẹ́yìn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ. Òjò ò ní kàn án, yìnyín ò ní kàn án, ọ̀ràn sìmẹ́ǹtì ò sí ńbẹ̀.

Èwó yòówù kẹ́ ẹ mú, omi ni ọ̀tá, òtútù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ní Weilburg, ní Jámánì, ilé erùpẹ̀ gígún kan wà tó jẹ́ alájà mẹ́fà, ó ti ń súnmọ́ igba ọdún tó ti wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbé inú ẹ̀, ìgbà òtútù mélòó ló ti rí! Ohun tó gbà á là ni pé wọ́n rẹ́ ẹ níta, òrùlé ẹ̀ dáa, ìdí ẹ̀ sì gbẹ. Ti yín, ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ kọjá ibi tí ilẹ̀ ń dì dé, ínṣì 42 ni òfin sọ fún apá gúúsù Minnesota, 60 fún àríwá. Kọnkéré ìdí ògiri yẹn, ẹ má jẹ́ kó parí sójú ilẹ̀. Àwọn ìwé máa ń sọ 30 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, èmi á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó tó 50, torí yìnyín tó bá kó jọ sídìí ògiri máa ń wà níbẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́ta, tó bá wá ń yọ́ lọ́sàn-án á máa rin ìdí ògiri, lóru á tún dì. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kó má yọ̀ náà, ẹ má dà á sẹ́bàá ògiri erùpẹ̀, á wọnú ẹ̀, tó bá gbẹ á máa dì wóró-wóró nínú ihò erùpẹ̀, á máa ya ojú ẹ̀ dànù. Kí ínsúléṣọ̀n ògiri sì kan ti ìpìlẹ̀, kó kan ti òrùlé, láìsí àlàfo. Orí fèrèsé àti ìdí ògiri ni ooru ti máa ń rí ibi sá jù, kí ayàwòrán ilé yín ya àwọn ibẹ̀ yẹn gàdàgbà kẹ́ ẹ rí i.

Ó wá kan erùpẹ̀ fúnra ẹ̀. Ilẹ̀ dúdú orí oko yín yẹn, ó dáa fún àgbàdo, kò dáa fún ògiri, koríko jíjẹrà ló kún inú ẹ̀. Ẹ gbẹ́ kọjá ẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ohun tí yìnyín ayé àtijọ́ wọ́ wá, amọ̀, yanrìn, òkúta, gbogbo ẹ̀ ló dàpọ̀, ó sì lè yàtọ̀ láti igun ilẹ̀ kan sí ìkejì. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tó mọ́, kó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ rọ omi kún un, ẹ fi iyọ̀ bíńtín sí i, ẹ mì ín dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ á kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á tẹ̀ lé e, amọ̀ ló máa kẹ́yìn lókè. Bíi ìdá 70 nínú 100 tó jẹ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ la ń wá. Tí amọ̀ bá pọ̀ jù ògiri á sán, ẹ óò ní láti ra òkúta wẹ́wẹ́ dà sí i. Ní àwọn ọdún 1930, Ralph Patty, ẹnjiníà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Brookings, South Dakota, tí kò jìnnà sí ààlà Minnesota, gún oríṣiríṣi ògiri sílẹ̀ nínú òjò àti yìnyín gidi, ohun tó sì rí ni pé èyí tí yanrìn pọ̀ nínú ẹ̀ dúró dáadáa, èyí tí amọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ ló ń sán tó sì ń jẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe nínú irú ojú ọjọ́ yín gan-an nìyẹn.

Ti omi inú ẹ̀: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un mọ́ra, ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà kan ààbọ̀ sórí ilẹ̀ líle. Tó bá fọ́ sí bíi mẹ́ta mẹ́rin, ó dáa. Tó bá di lẹ́búlẹ́bú, omi ò tó, tó bá kàn pẹlẹbẹ sílẹ̀ láìfọ́, omi ti pọ̀ jù. Ìpele 15 sẹ̀ǹtímítà ni kí wọ́n máa dà, kí wọ́n gún un títí á fi wá sí bíi 10, kí wọ́n tó da òmíràn. Gbogbo páìpù wáyà iná gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gún, ẹ ò ní fẹ́ máa gbẹ́ ògiri yẹn tó bá yá.

Àsìkò: May dé ìparí August ni kí gígún fi bẹ̀rẹ̀ kó sì parí. Ògiri tó ní sìmẹ́ǹtì ò gbọ́dọ̀ rí òtútù tó súnmọ́ òdo nígbà tó ṣì tutù, èyí tí kò ní sìmẹ́ǹtì ń fẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbẹ dénú. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé òpó àti òrùlé dúró kẹ́ ẹ tó gún ohunkóhun, kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀. Ẹ sì múra sílẹ̀ fún wíwúwo ẹ̀, ògiri 90 mítà onígun mẹ́rin tí mo fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan, erùpẹ̀ inú ẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 80. Erùpẹ̀ fúnra ẹ̀ lè má wọ́n yín, gbígbé e, pípò ó, pákó líle tó máa gbà á dúró àti owó òṣìṣẹ́ ló máa jẹ owó yín. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilé erùpẹ̀ á dín owó kù ju ilé pákó lọ ní Amẹ́ríkà ò sọ òtítọ́ fún yín, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín gún un.

Ti ìwé àṣẹ, New Mexico ní òfin tiwọn fún ilé erùpẹ̀ torí ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin ilé gbogbogbòò tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń lò ò ní orí kankan tó ń sọ bẹ́ ẹ ṣe máa gún ògiri, àmọ́ ó fàyè gba ohun èlò míì tẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé ó lágbára tó. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ ní Minnesota gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì gún àpẹẹrẹ kéékèèké látinú erùpẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò gan-an kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní láàbù títí á fi fọ́, kí wọ́n lè mọ bó ṣe lágbára tó. Ẹ lọ bá ọ́fíìsì ìwé àṣẹ ilé tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ayàwòrán, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ báǹkì àti onínṣúrà nígbà kan náà, torí tí wọn ò bá rí ilé bíi tiyín tí wọ́n tà ládùúgbò, ó máa ń ṣòro fún wọn láti díye lé e.

Ohun kan nípa gbígbé inú ẹ̀. Ilé tó wúwo kì í yára gbóná. Tẹ́ ẹ bá pa hítà tẹ́ ẹ lọ sílé Kérésì fún ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ògiri tó padà sípò. Ẹ jẹ́ kí ooru wà ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ tó ń gba páìpù abẹ́ ilẹ̀ inú ilé tàbí ti inú ògiri ló bá a mu jù. Afẹ́fẹ́ inú ilé ìgbà òtútù tó máa ń gbẹ èèyàn lètè yẹn, erùpẹ̀ tí ẹ ò kùn ní ọ̀dà máa ń bá a ṣe díẹ̀, á mu ọ̀rinrin ìdáná àti ìwẹ̀, á máa dá a padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ.

Tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti rọ̀ tó láti gbẹ́, ẹ ṣe ti ìgò yẹn ní igun mẹ́ta lórí ilẹ̀ yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ sì sọ fún mi bóyá igi tàbí ilé ẹlòmíì wà lápá gúúsù tó lè dí oòrùn December. Ibẹ̀ la ti máa mọ̀ bóyá ògiri ìta ni kẹ́ ẹ gún tàbí ti àárín ilé.